Ẹ Bi Wá, Ẹ Ó Gbọ́: Ìrìn Ìmọ́lẹ̀ àti Àwọn Àbá Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí lẹ́tà àwọn òǹkàwé lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ti ń jọ lórí tábìlì wa, a sì pinnu láti fi gbogbo ojú ìwé ti ọ̀tẹ̀ yìí dá wọn lóhùn. Àwọn kan béèrè ohun tí ó rú wọn lójú. Àwọn mìíràn kò béèrè nǹkan kan, àbá tiwọn ni wọ́n kọ wá, wọ́n sì ní kí a sọ fún wọn bí ó bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Àgbà bọ̀, wọ́n ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì, àbá tí kò rí òkúta mu náà ní iṣẹ́ tí ó ṣe, bí ẹni tí ó dá a bá ti kọ́kọ́ tọ́ka sí òkúta tí ó fẹ́ mu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ó máa bi àbá kọ̀ọ̀kan: bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ni a ó rí tí a kì bá tí rí bí kò bá jẹ́ òótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú wa. Bí ọmọdé kan bá jókòó sínú ọkọ̀ tí ń sáré, tí ó sì ju òkúta síwájú, ìyára ọkọ̀ yóò kún ti òkúta náà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ wa pé iná iwájú ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyára ohun tí ó tàn án. Ó jọ pé agídí ni wọ́n fi gbé òfin yẹn kalẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rò ó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sì ṣáájú yín kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ní ọdún 1908, Walther Ritz, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gbé àbá yìí kalẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tí ó péye. Ó ní ìyára kan náà ni ìmọ́lẹ̀ fi ń kúrò lára orísun rẹ̀ nígbà gbogbo, bí a bá fi orísun náà ṣe ojú ìdíwọ̀n. Nítorí náà, bí orísun bá ń bọ̀ wá bá wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò tètè dé ju ti èyí tí ó dúró sójú kan. Einstein fúnra rẹ̀ ti gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò kí ó tó di ọdún 1905, kí ó tó pa á tì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó gbé Ritz débẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà. Ní ọdún 1865, Maxwell ti fi ìṣirò hàn pé ìgbì iná mànàmáná àti agbára òòfà ni ìmọ́lẹ̀. Ìgbì ohùn ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ìgbì òkun ń gba orí omi, nítorí náà ó jọ lójú gbogbo ènìyàn nígbà náà pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ní láti rí nǹkan kan gbà kọjá, wọ́n sì pe nǹkan náà ní éétà. Bí éétà bá kún òfuurufú, a jẹ́ pé Ayé wa ń la inú rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó ti ń yí oòrùn po, ìmọ́lẹ̀ tí a bá sì rán lọ bọ̀ ní ọ̀nà tí Ayé kọrí sí kò gbọdọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí a rán gba ẹ̀gbẹ́.

Èyí ni Michelson àti Morley dán wò ní ìlú Cleveland, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 1887. Wọ́n wá òkúta pẹlẹbẹ ńlá kan, tí ó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ níbùú àti lóròó, tí ó sì nípọn tó nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, wọ́n gbé e lé orí igi róbótó tí ó léfòó lójú mẹ́kúrì. Nítorí mẹ́kúrì yìí, òkúta tí kò ṣeé gbé wá di ohun tí a rọra tì, tí ó sì ń dá yí lọ fúnra rẹ̀, ìyípo kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lórí rẹ̀, wọ́n pín ìtànṣán kan sí méjì tí ọ̀kan dábùú èkejì, àwọn dígí sì ń ta ìtànṣán wọ̀nyí lọ bọ̀ títí ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn fi tó mítà 11 kí wọ́n tó tún pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé ni ìlà dúdú àti ìlà funfun ti máa ń hàn nínú awò. Michelson á máa rìn yí òkúta náà ká bí ó ti ń yí, ojú rẹ̀ lẹ́nu awò, láìjẹ́ kí ara rẹ̀ kàn án, á sì máa ka ibi tí ìlà wà bí òkúta bá ti dé ojú àmì kọ̀ọ̀kan nínú àmì 16 tí wọ́n fi yí i ká. Bí éétà bá wà bí wọ́n ti rò ó, ìlà náà gbọ́dọ̀ sún ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Ohun tí wọ́n rí kò tó ìdá kan nínú 20 èyí tí wọ́n ń retí, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ tó ìdá kan nínú 40.

Wàyí o, ẹ ó rí i pé àbá Ritz yanjú ọ̀rọ̀ yìí wẹ́rẹ́: fìtílà wọn wà lórí òkúta kan náà pẹ̀lú dígí wọn, nítorí náà kò sí ìdí kankan tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi yàtọ̀ ní ọ̀nà méjèèjì. Òkúta Cleveland nìkan kò tó láti dá Ritz lẹ́bi. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́bi ní láti wá orísun tí ń rìn ní tirẹ̀, kí olùwòran sì wà níbòmíràn.

Ìràwọ̀ ni Willem de Sitter, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi ṣe é ní ọdún 1913. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n jẹ́ méjì-méjì, tí wọ́n ń yí ara wọn po. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa ni èkejì ń lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ìyára orísun rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ náà tú jáde nígbà tí ó ń bọ̀ yóò lé èyí tí ó ti tú jáde nígbà tí ó ń lọ bá, yóò tilẹ̀ yà á sílẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń bọ̀ jìn gidigidi. A ó wá máa rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo níbi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìyípo rẹ̀ yóò sì rí wúruwùru lójú wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ yìí ń yí po létòlétò, bí òfin Newton ti wí.

Àwọn kan yarí. Wọ́n ní gáàsì tíntìntín tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀ náà mì kí ó sì tún un tú jáde, kí ó lè dà bí ẹni pé gáàsì náà gan-an ni orísun. Àtakò gidi ni, ó sì yẹ kí á dá a lóhùn. Ní ọdún 1964, ní ilé ìwádìí CERN, Alväger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwọn pátíkù tí wọ́n ń pè ní pion, tí wọ́n ń sáré tó 0.99975 ìyára ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fọ́ sí ìtànṣán gamma, irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò lè rí, lójú eré náà. Bí ti Ritz bá jẹ́ òótọ́, ìtànṣán tí ó jáde síwájú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré ní ìlọ́po méjì ìyára ìmọ́lẹ̀. Ìyára ìmọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n rí, kò lé, kò dín. Ní ọdún 1977, Kenneth Brecher tún lo ìtànṣán X láti ara àwọn ìràwọ̀ méjì-méjì, èyí tí gáàsì kì í fi bẹ́ẹ̀ dí lọ́nà, ìdáhùn kan náà ni ó sì rí.

Ritz kò rí ẹyọ kan nínú nǹkan wọ̀nyí: ọdún 1909 ni ó kú, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lójú tiwa, nínú gbogbo àwọn tí ó ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, òun ni ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí ó sọ ohun tí ó yẹ kí á rí, ó sì ṣeé wò.

Ti òkúta ọmọdé inú ọkọ̀ yẹn, ìṣirò tí ẹ ṣe kò tilẹ̀ pé pátápátá fún òkúta gan-an; àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ ló kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ní ìlàjì ìyára ìmọ́lẹ̀, tí a sì ju òkúta síwájú láti inú rẹ̀ ní ìlàjì ìyára ìmọ́lẹ̀, ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà yóò rí i pé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìyára ìmọ́lẹ̀ ni òkúta náà fi ń lọ, kì í ṣe odindi.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ gan-an, tí mo sì mú dígí dání níwájú mi, ṣé n ó rí ojú ara mi nínú rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Einstein nígbà tí irú ìbéèrè yìí gbà á lọ́kàn. Ó bi ara rẹ̀ pé, bí òun bá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtànṣán kan ní ìyára kan náà, ṣé ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ó dúró gbagidi lójú kan ni òun yóò máa wò? Ìṣirò Maxwell kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ìgbì bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rí i rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà yọrí sí ní ọdún 1905 ni pé ẹnikẹ́ni tí ń rìn gbọọrọ láìyí ìyára rẹ̀ padà, ibi yòówù kí ó kọrí sí, yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lára òun ní 299,792 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí o bá ń sáré tó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ìmọ́lẹ̀, wàá rí ojú rẹ nínú dígí náà láìsí ìyàtọ̀ kankan sí ìgbà tí o dúró jẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé “bí ìmọ́lẹ̀ gan-an”, ibẹ̀ ni ó sì ti di ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní ọdún 1964, William Bertozzi, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rán àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù gba ọ̀nà kan tí ó gùn ní mítà 8.4, ó sì wọn àkókò tí wọ́n fi rìn ín. Nígbà tí agbára tí ó fi tì wọ́n ti di ìlọ́po ọgbọ̀n, ìyára wọn kò tíì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. Bí ó ti ń fi agbára kún agbára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyára wọn ń sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀ láì bá a dọ́gba. Ohun tí ó bá ní ìwúwo tirẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ, kò lè dé ibẹ̀.

O lè béèrè pé báwo ni ènìyàn méjì tí ìrìn wọn yàtọ̀ yóò ṣe wo ìtànṣán kan náà kí wọ́n sì rí ìyára kan náà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé aago wọn kò ní bá ara wọn mu. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àsọdùn títí a ó fi rí ohun tí muon ń ṣe. Muon jẹ́ pátíkù tí ó máa ń wáyé lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí ilẹ̀, nígbà tí ìtànṣán láti òfuurufú bá kọlu afẹ́fẹ́. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn: ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ìpíndọ́gba, ni ó máa ń lò kó tó fọ́. Bí ó tilẹ̀ ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, kò yẹ kí ó ju nǹkan bí mítà 660 lọ. Ní ọdún 1963, Frisch àti Smith kà wọ́n ní orí òkè Mount Washington, tí gíga rẹ̀ ju mítà 1,900 lọ, wọ́n rí nǹkan bí 563 ní wákàtí kan. Wọ́n sì tún kà wọ́n ní ẹ̀bá òkun. Bí aago muon bá ń rìn bíi tiwa, 27 péré ni ó yẹ kí ó kù. Nǹkan bí 408 ni wọ́n kà. Lójú àwa tí a dúró sórí ilẹ̀, àkókò ń falẹ̀ fún muon náà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án.

A fẹ́ kí o ṣọ́ra fún gbólóhùn kan tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, pé àkókò dúró pátápátá fún ìmọ́lẹ̀. Kò sí aago tí ó lè gun ìmọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè jókòó tì í kí ó wo aago náà. Gbólóhùn náà kò sọ ohun kankan tí a lè wọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá tan iná lésà tí ó lágbára sójú òṣùpá láti ayé níbí, tí mo sì yí ọwọ́ mi kíákíá, ṣé àmì iná náà kò ní sáré kọjá lójú òṣùpá ju ìmọ́lẹ̀ lọ?

ÌDÁHÙN: Yóò sáré jù ú lọ. Òṣùpá fẹ̀ tó kìlómítà 3,474 láti etí kan dé èkejì. Bí àmì náà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kọjá lórí rẹ̀, ìyára rẹ̀ jẹ́ 347,400 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sì sí òfin tí ó rú, nítorí kò sí nǹkan kan tí ó ti etí kan rìn dé etí kejì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kan etí kejì ti ọwọ́ yín lọ tààrà ni, ó sì lo ìṣẹ́jú àáyá kan ó lé díẹ̀ lójú ọ̀nà bíi ti gbogbo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní etí òṣùpá àkọ́kọ́ kò lè fi àmì náà rán iṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní etí kejì.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ó jìnnà máa ń pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì ń fi ìyẹn sọ pé gbogbo àgbáyé ń fẹ̀ sí i. Kí ló dé tí a kò fi lè sọ pé ó ti rẹ ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ni?

ÌDÁHÙN: A lè sọ bẹ́ẹ̀, Fritz Zwicky sì ti sọ ọ́ ní ọdún 1929, ọdún kan náà tí Hubble tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìjìnnà àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ jáde. Zwicky ní ìmọ́lẹ̀ lè máa pàdánù díẹ̀díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó jìn, ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ bá sì dínkù á fà sí pupa. Ó tẹ́ni lọ́rùn, kò sì béèrè pé kí ohunkóhun máa fẹ̀.

Ibi tí ó ti kùnà ni èyí. Irú ìràwọ̀ kan wà tí ó máa ń bú gbàmù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ràn tán tí á sì wá máa kú lọ ní ìwọ̀n ọjọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu nínú gbogbo wọn. Ká ní ọ̀kan wà nítòsí tí ó fi 20 ọjọ́ relẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Bí àgbáyé bá ń fẹ̀, irú rẹ̀ tí ó wà lókèèrè, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti nà dé ìlọ́po kan àbọ̀, gbọ́dọ̀ lo 30 ọjọ́ lójú wa fún ohun kan náà, nítorí pé bí ìgbì ṣe nà ni àkókò tí ó wà láàárín wọn náà ṣe nà. Bí ó bá jẹ́ pé ó rẹ ìmọ́lẹ̀ lásán ni, àwọ̀ nìkan ni yóò yí padà. Ọjọ́ yóò wà ní 20. Láti ọdún 1996 ni àwọn awòràwọ̀ ti ń tẹ irú ìwádìí yìí jáde, ti 30 ọjọ́ yẹn ni ó sì ń jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun yòówù tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọlù lójú ọ̀nà tí ó fi ń rẹ̀ ẹ́ yóò tì í kúrò lójú ọ̀nà tààrà, àwòrán àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ òkèèrè yóò sì rí bàìbàì. Àwòrán wọn kò rí bàìbàì.

Òǹkàwé mìíràn fi èyí tí ó jọ ọ́ ránṣẹ́: ṣé kò lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ yára ju báyìí lọ ní àtètèkọ́ṣe? Àbá yìí kò tíì kú. John Moffat gbé e jáde ní ọdún 1993, Albrecht àti Magueijo náà sì gbé e jáde ní ọdún 1999, láti fi ṣàlàyé ìdí tí gbogbo ìhà àgbáyé fi gbóná tútù dọ́gba. Ohun tí ó há a mọ́ ni pé ẹ̀rí tí a ní nípa ayé àtijọ́ kò gbà á láyè púpọ̀. Ní Oklo, ní orílẹ̀-èdè Gabon, wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1972 pé yuréníọ̀mù inú ilẹ̀ ti dá jó fúnra rẹ̀ bí iná átọ́ọ̀mù ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn. Eérú tí ó fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n irú kan nínú èròjà tí ń jẹ́ samarium tí ó wà nínú rẹ̀ ń fi hàn pé nọ́ńbà tí ó so ìyára ìmọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ agbára iná mànàmáná kò tíì fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù yí padà láti ìgbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìyára ìmọ́lẹ̀ yí padà ní láti fi í sí ìgbà tí ó ṣáájú èyí gan-an, ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti rí pátíkù tí ó sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n sì pa á mọ́?

ÌDÁHÙN: Wọn kò pa á mọ́, gbangba ni wọ́n ti kéde rẹ̀, gbangba náà ni wọ́n sì ti gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn oníwádìí OPERA sọ pé àwọn neutrino, ìyẹn pátíkù tíntìntín tí ilẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, tí wọ́n rán láti CERN gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Gran Sasso ní ilẹ̀ Ítálì, ní ìrìn nǹkan bí kìlómítà 730, ń fi ìdá 60 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé okùn fáíbà kan ni kò wọlé dáadáa sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí ó ń gba àkókò.

Kí wọ́n tó rí okùn náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń mi orí, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1987. Ìràwọ̀ kan bú ní ibi tí ó jìnnà tó 168,000 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀, neutrino rẹ̀ sì fi nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé láti àárín gbùngbùn ìràwọ̀ náà ni wọ́n ti jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì há sínú rẹ̀. Bí neutrino bá yára tó bí OPERA ti wí, wọn ì bá ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ mi, olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo fi ìwé tí mo kọ ránṣẹ́ sí yín. Kókó rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í rìn rárá; ó dúró, àwa àti gbogbo ohun tí ó ní ìwúwo ni à ń rìn kọjá lára rẹ̀. Mo sì tún béèrè nínú rẹ̀ pé ta ni ó sọ fún yín pé ìyára tí ìmọ́lẹ̀ fi ń lọ bá èyí tí ó fi ń bọ̀ dọ́gba? Ẹ má ṣe pọ́n mi lé o.

ÌDÁHÙN: Bàbá, a kí yín, a sì ka ìwé náà tán. Apá àkọ́kọ́ ni kò dùn mọ́ wa nínú. Ọdún 1676 ni Ole Rømer, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, sọ ṣáájú pé Io, òṣùpá Júpítà, yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ ju bí ìṣirò ti wí lọ kí ó tó yọ láti inú òjìji ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, nítorí pé Ayé ti jìnnà sí Júpítà sí i, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àkókò lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ẹ lè sọ pé ìrìn tiwa ni ó fa ìpẹ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ̀ lé ìṣirò yín dé òpin, gbogbo nọ́ńbà tí ó jáde ni ti tẹ́lẹ̀, orúkọ nìkan ni ó yí padà. A wá ibi kan ṣoṣo tí ìwé yín ti retí ohun tí Rømer kò retí, a kò rí i. Bí ẹ bá lè tọ́ka sí i, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìbéèrè kejì yàtọ̀, ó sì jinlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì wọn ìyára ìmọ́lẹ̀ ní àlọ nìkan láìfi àbá kan ṣe ìpìlẹ̀. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti ń tan lésà lu dígí tí àwọn ará Apollo 11 gbé sórí òṣùpá, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì ń padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Aago kan ṣoṣo ni wọ́n fi wò ó, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ lápapọ̀ ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àlọ nìkan, ẹ ní láti gbé aago kejì sórí òṣùpá kí ẹ sì mú un bá ti ayé mu, báwo ni ẹ ó sì ṣe mú wọn bára mu bí kò ṣe nípa rírán àmì, tí ẹ ó sì ti kọ́kọ́ gbà pé àlọ àmì náà bá àbọ̀ rẹ̀ dọ́gba? Einstein mọ èyí. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1905, ó kọ ọ́ gbangba pé àdéhùn ni òun fi mú aago méjì bára mu, Hans Reichenbach sì padà wá fi hàn pé èèyàn lè ṣe àdéhùn mìíràn láìba nǹkan kan jẹ́.

Ẹ lè ní kí a kọ́kọ́ mú aago méjì bára mu níbí, kí a wá rọra gbé ọ̀kan lọ. Ohun tí Rømer ṣe gan-an nìyẹn láìmọ̀, nítorí Ayé gbé aago rẹ̀ láti apá kan oòrùn dé apá kejì. Ṣùgbọ́n bí ìyára àlọ bá yàtọ̀ sí ti àbọ̀, aago tí a gbé rìn yóò ṣì yí ní ìwọ̀n tí ó bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ti Rømer náà kò sì yọ sílẹ̀. Nítorí náà, Bàbá, apá yẹn nínú ìwé yín kò ṣeé já ní koro, kò sì ṣeé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ lè máa lò ó bí ó bá wù yín, kìkì pé ìṣirò yín yóò gùn ju tiwa lọ, èsì kan náà ni a ó sì jọ máa rí.